Bí A Ṣe Ń Yẹ Ayálégbé Wò Kí A Tó Fún Un Ní Kọ́kọ́rọ́

Kí ilé ṣófo fún oṣù kan kò dùn mọ́ onílé kankan, àmọ́ ó sàn ju ayálégbé tí kò sanwó tí kò sì fẹ́ kó jáde lọ. Torí náà, ẹ má kánjú.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá wo ilé, ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀: iye èèyàn tí ilé náà gbà, ọjọ́ tí wọ́n lè kó wọlé, bóyá ẹ fàyè gba ẹran ọ̀sìn, àti iye owó tó yẹ kó máa wọlé fún ayálégbé. Ọ̀pọ̀ onílé ń fẹ́ kí owó tó ń wọlé fún ayálégbé lóṣù tó ìlọ́po 3 owó ilé oṣù kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó mú onídùúró wá, kí ẹ sì yẹ owó onídùúró náà wò bákan náà. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn. Ẹ má fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn yan ẹnikẹ́ni. Kò tọ́, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì kà á léèwọ̀.

Ojúlówó káàdì ìdánimọ̀ ni kí ẹ rí, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ gba ìwé owó oṣù tí ibi iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́, ti oṣù 3, àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 3 kan náà, kí ẹ tò wọ́n síra. Iye tó wà nínú ìwé owó oṣù gbọ́dọ̀ hàn ní báńkì; ibẹ̀ ni àṣírí ayédèrú ti sábà máa ń tú. Tẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ yàtọ̀: ẹ wo oṣù 6 ó kéré tán, kí ẹ sì wo oṣù tí owó rẹ̀ kéré jù, torí owó ilé kì í fo oṣù yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà tó kọ fún yín lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó wúlò jù. Onílé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí lè máa yìn ín kí ó lè tètè lọ. Èyí tó ti fi sílẹ̀ kì í sábà ní ìdí láti purọ́. Ẹ má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ bi í pé, “Èló ni owó ilé? Ìgbà wo ló kó wọlé, ìgbà wo ló kó jáde?” kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí ayálégbé kọ sínú fọ́ọ̀mù tó fi béèrè ilé. Ọ̀rẹ́ tó ń díbọ́n bí onílé kì í sábà mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé, “Bó bá padà wá, ṣé ẹ máa tún fún un nílé?” Bó bá ń fà á sẹ́yìn kó tó dáhùn, ẹ wádìí sí i.

Ẹ má gba owó kankan kí àyẹ̀wò tó parí. Ẹ má sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ títí owó yóò fi hàn nínú àkáǹtì yín gan-an, torí wọ́n lè ṣe ayédèrú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì. Ẹ tètè dá àwọn tí ẹ kò mú lóhùn, kí ẹ sì run ẹ̀dà ìwé wọn, àfi bí òfin bá ní kí ẹ pa á mọ́.