Ohun tí ojú mi rí lórí àpótí lẹ́tà kí n tó gba nọ́ńbà owó-orí àti káàdì ìgbélùú ní Jámánì

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ní Jámánì ló bí mi nínú dé ibi pé mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ èyí. Gbogbo oṣù yẹn ni mo fi to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn kíláàsì, mo ti ṣírò ohun tó yẹ kó wọ àkáǹtì mi, àfi bí ìwé owó oṣù ṣe dé tí mo rí i pé wọ́n ti gé e kúrú. Wọ́n fi mí sí Steuerklasse 6, ìyẹn ibi tí wọ́n máa ń fi èèyàn sí fún iṣẹ́ kejì, tí wọ́n á máa yọ owó-orí látorí yúrò àkọ́kọ́. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi! Mo bi àwọn tó ń san owó oṣù, wọ́n ní Steuer-ID mi ò sí lọ́wọ́ àwọn. Nọ́ńbà owó-orí ni Steuer-ID yìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sì í lọ tọrọ ẹ̀ o, bó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ ní àdírẹ́sì tó ń gbé, ìjọba fúnra wọn á kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Tèmi ò délé. Kò délé torí pé bọ̀dá tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ mi lóṣooṣù ò gbà kí orúkọ mi wà lára àpótí lẹ́tà.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ admission, mi ò ní sọ̀rọ̀ físà ní Victoria Island, mi ò sì ní sọ ti Sperrkonto (àkáǹtì tí wọ́n ti owó ọdún kan pa sí, tí wọ́n á máa tú díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù). Àwọn yẹn, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, kódà ẹni tí ò tíì ra fọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni bí ìwé ṣe so mọ́ra wọn lẹ́yìn tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Anmeldung ló ṣáájú, ìyẹn fífi orúkọ sílẹ̀ ní àdírẹ́sì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òfin fún èèyàn láti ọjọ́ tó bá kó wọlé. Anmeldung ló ń bí Steuer-ID. Báǹkì tí mo kọ́kọ́ lọ ní kí n mú ìwé Anmeldung wá kí àwọn tó ṣí àkáǹtì fún mi, bẹ́ẹ̀ inú àkáǹtì yẹn ni owó Sperrkonto máa wọ̀. Àwọn tó ń fúnni ní káàdì ìgbélùú náà á ní ká mú un wá. Bí Anmeldung ò bá ti ṣeé ṣe, gbogbo ìyókù dúró gbagidi.

Ìwé kan ṣoṣo tó sì ń ṣí Anmeldung, lẹ́yìn páàsípọ́ọ̀tù, ni Wohnungsgeberbestätigung. Orúkọ ẹ̀ gùn ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ni, kò ju kí ẹni tó fún yín ní ilé kọ orúkọ ẹ̀, orúkọ yín, àdírẹ́sì, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé, kó fọwọ́ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bọ̀dá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi, Yorùbá bíi tèmi, orí WhatsApp la ti pàdé nígbà tí mo ṣì wà ní Ìbàdàn, mo sì ti san owó ilé oṣù méjì àti owó ìdúró (èyí tó yẹ kí wọ́n dá padà bí èèyàn bá kó jáde) kí n tó wọ bàálù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí fún mi ńkọ́?”

Ó ní, “Ìwé wo? Yàrá la jọ sọ, a ò sọ̀rọ̀ ìwé.”

Nígbà tí mo tún padà bẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n owó ìwé yàtọ̀ sí owó yàrá, 300 yúrò. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń san án. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀: òun náà ayálégbé ni, onílé gangan ò sì mọ̀ pé ó fi yàrá kan yá èèyàn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí orúkọ mi bá fara hàn níbì kankan, onílé á gbọ́. Mo gbà pé ẹ̀rù lè ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ò dí i lọ́wọ́ nígbà tó ń gba owó mi, mi ò dẹ̀ rí bí 300 yúrò ṣe máa lé ẹ̀rù lọ.

Àǹtí kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti bímọ tí wọ́n sì ti tọ́mọ yanjú ní Jámánì níbí, àwọn ló gbà mí. Mo ń ṣàlàyé, wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, má fún un ní kọ́bọ̀. Òfin ni. Kọ ìméèlì sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ lónìí olónìí, sọ fún wọn pé ẹni tó fún ẹ nílé ní òun ò fọwọ́ sí ìwé.” Mo lọ ka òfin náà, Bundesmeldegesetz ni wọ́n ń pè é, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2015, abala 19 lẹ́ ẹ máa wò. Ó wà níbẹ̀ kedere pé dandan ni kí ẹni tó fúnni nílé fọwọ́ sí ìwé náà, ayálégbé tó bá fi yàrá yá ẹlòmíì náà wà nínú ẹ̀. Bó bá kọ̀, kí ẹni tó kó wọlé sọ fún ọ́fíìsì láìfi falẹ̀. Owó ìtanràn lórí ẹni tó kọ̀ lè tó 1,000 yúrò. Ẹni tó bá wá ń ta àdírẹ́sì fún ẹni tí kì í gbébẹ̀, tiẹ̀ lè tó 50,000. Mo ní kí n sọ ìyẹn torí mo ń rí àwọn èèyàn wa tó ń ta “àdírẹ́sì fún Anmeldung” bí ẹni ń ta káàdì fóònù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ń rà á.

Mo fi èdè Jámánì tí mo kọ́ nílé kọ ìméèlì náà fúnra mi, ìlà mẹ́rin, mo fi ìwé àdéhùn yàrá àti rìsíìtì owó tí mo san tì í. Inú mi dùn sí ìméèlì yẹn di òní torí ó ṣiṣẹ́! Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n kọ̀wé sí bọ̀dá, kò sì pẹ́ tó fi ju ìwé tó ti fọwọ́ sí sórí tábìlì ìdáná láìbá mi sọ̀rọ̀. Kò gba 300 yúrò kankan.

Ọjọ́ Anmeldung fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nínú fọ́ọ̀mù náà, ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹ̀sìn. Ìbéèrè owó nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé Kátólíìkì ni yín tàbí evangelisch, wọ́n á máa yọ owó-orí ṣọ́ọ̀ṣì lára yín bí owó-orí bá ti ń kúrò nínú owó oṣù yín, ìpín 8 nínú 100 owó-orí yẹn ní Bavaria àti Baden-Württemberg, ìpín 9 níbi tó kù. Mo mọ ọmọ Redeem kan tó kọ evangelisch torí ó rò pé ajíhìnrere ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ohun kan náà o, ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì àwọn ará Jámánì ni wọ́n ń bèèrè.

Mo rò pé ogun ti parí. Mo ń retí lẹ́tà Steuer-ID, mo ń retí káàdì báǹkì, mo ń retí káàdì ìlera, kò sí èyí tó dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí lẹ́tà ṣe ń délé ní Jámánì, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilé alájà mẹ́rin là ń gbé, kò sí nọ́ńbà yàrá, kò sí nọ́ńbà fúláàtì. Orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bẹ́ ẹ bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ẹ máa rí àpótí onírin tí wọ́n tò sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò tí lẹ́tà ń gbà wọlé àti ojú kékeré oníke tí wọ́n ki pátákó orúkọ sí. Orúkọ bọ̀dá nìkan ló wà lára tiwa. Lára bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà náà, orúkọ ẹ̀ nìkan ni. Ìjọba fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí orúkọ mi ní àdírẹ́sì tó tọ̀nà, ẹni tó ń pín lẹ́tà wo gbogbo àpótí, kò rí orúkọ yẹn, ó dá a padà.

Mo gé bébà, mo kọ orúkọ ìdílé mi gàdàgbà, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tiẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ó ti ya á. Mo tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ya á, mo ń rí àpá sẹ́lótéèpù lára irin náà. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi jáde nílé ni?” Mo ní, “Bọ̀dá, lẹ́tà ìjọba mà ni, ẹ sì ti fọwọ́ sí i pé mo ń gbébí.” Ó ní kí n máa lo c/o. Ó sọ òótọ́ díẹ̀ o, bẹ́ ẹ bá kọ c/o pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà lára àpótí, lẹ́tà á wọlé, bí káàdì báǹkì mi ṣe padà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín fún wọn ní àdírẹ́sì ẹ̀ nìkan nìyẹn wà fún. Inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ti Steuer-ID ti ń mú àdírẹ́sì, mi ò sì ní c/o níbẹ̀.

Níkẹyìn mo jí, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí obìnrin tó ń pín lẹ́tà fi gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dé pẹ̀lú báàgì yẹ́lò. Mo fi páàsípọ́ọ̀tù hàn án, mo ní èmi ni orúkọ yìí, inú ilé yìí ni mò ń gbé. Ó wò mí, ó wo àpótí, ó ní òun rántí orúkọ náà dáadáa torí òun ti dá a padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè fi lẹ́tà sínú àpótí tí orúkọ ò sí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, mi ò ní nǹkan kan sí i, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Bọ̀dá ni mo ní nǹkan sí.

Ọ̀nà tí mo gbà gba nọ́ńbà náà rèé, kẹ́ ẹ má bàa jìyà: mo gba Finanzamt àdúgbò lọ, ìyẹn ọ́fíìsì owó-orí, mo mú páàsípọ́ọ̀tù àti ìwé Anmeldung dání, mo ní lẹ́tà mi ò dé. Ẹni tó dá mi lóhùn tẹ kọ̀ǹpútà, ó tẹ nọ́ńbà náà jáde sórí bébà fún mi lójú ẹsẹ̀. Díjíìtì 11 ló ní, kì í yí padà láyé èèyàn, bẹ́ ẹ kó kúrò ní ìlú kan lọ sí ìlú mìíì, òun náà ni. Mo fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, wọ́n yọ mí kúrò ní Steuerklasse 6, owó tí wọ́n ti gé bá owó oṣù tó tẹ̀ lé e padà. Ohun tó tún dùn mí ni pé òfin owó-orí wọn, abala 39c, gbà kí ilé-iṣẹ́ fi èèyàn sí ibi tó yẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ẹ̀bi ẹ̀ ni nọ́ńbà ò fi tíì dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó san owó àkọ́kọ́.

Mo kó lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí yàrá ṣe ṣófo níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru! Ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí, orúkọ mi sì ti wà lára àpótí. Mo tún àdírẹ́sì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Káàdì ìgbélùú ò fi bẹ́ẹ̀ le lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn pẹ́ ni. Ẹ rí i dájú pé ẹ béèrè fún un kí físà tó parí, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí bẹ́ ẹ bá ti béèrè lásìkò, òfin gbà yín láyè títí wọ́n á fi dáhùn. Físà mi fẹ́ parí kí ọjọ́ tí wọ́n fún mi tó pé, wọ́n fún mi ní Fiktionsbescheinigung, 13 yúrò ni, ìwé tó fi hàn pé mi ò rú òfin. Lọ́jọ́ náà wọ́n gba ìka ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n wo ìwé ìlera, ìwé yunifásítì àti owó Sperrkonto, mo san 100 yúrò. Fọ́tò orí bébà kò wúlò mọ́ láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbà á báyìí, torí náà ẹ má lọ ná owó yín sí fọ́tò bébà. Bundesdruckerei, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Berlin, ló ń ṣe káàdì náà, lẹ́tà PIN ẹ̀ sì máa ń dá wá lọ́tọ̀. Tèmi wọ inú àpótí lẹ́tà pẹ̀lú orúkọ mi lára ẹ̀, mo dúró síbẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo pe ìyá mi lórí fídíò, mo fi àpótí náà hàn wọ́n kí n tó fi lẹ́tà hàn wọ́n, wọ́n ní, “Ṣé páánù yẹn ló fìyà jẹ ọmọ mi?”

Báyìí, ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbátan ni o, ará ìlú ni o, mo máa ń ní kó béèrè nǹkan méjì kó tó san kọ́bọ̀: ṣé ẹ máa fọwọ́ sí Wohnungsgeberbestätigung, ṣé orúkọ mi máa wà lára àpótí àti bẹ́ẹ̀lì. Kó gba ìdáhùn ẹ̀ lórí WhatsApp, kó má pa á rẹ́. Bí wọ́n bá ní “tó o bá dé a máa sọ ọ́,” kó wá ibòmíì.

Owó ìdúró mi ṣì wà lọ́wọ́ bọ̀dá. Mo ti kọ lẹ́tà Einschreiben (èyí tí pósítì ń fúnni ní rìsíìtì lórí ẹ̀) sí i, mo dá ọjọ́ fún un, ọjọ́ yẹn ti kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé sì ni mí báyìí, àwọn lọ́yà wọn ló máa kọ èyí tó kàn.