Ẹ múra de ìràwọ̀ onírù

Ẹ̀yin ará, tí ìràwọ̀ onírù bá tún yọ, bíi Tsuchinshan-ATLAS tó hàn ní ìwọ̀-oòrùn lóṣù kẹwàá 2024, ẹ má dúró sábẹ́ iná títì. Ẹ lọ síbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ pa fóònù fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ojú yín lè mọ òkùnkùn lára. Òdìkejì oòrùn ni ìrù rẹ̀ máa ń kọ sí, nítorí náà apá ibi tí oòrùn wọ̀ sí ni kí ẹ ti wá orí rẹ̀. Tó bá rí bàìbàì, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á yọ sí yín. Bainókúlà, ìyẹn awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, dáa gan-an, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí oòrùn wọ̀ tán ná o! Fífi í wo oòrùn lè fọ́ni lójú.