Bí ẹ ṣe lè kó ọmọ lọ wo ère orí Ifẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá kó ọmọ lọ sí mùsíọ́mù ẹ̀gbẹ́ ààfin ní Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn ya fọ́tò lásán. Ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè: ta ló rí ère orí kọ̀ọ̀kan, ta ló gbé e lọ, lábẹ́ òfin ta ni?

Ọ̀dọ̀ Leo Frobenius lèmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ará Jámánì yìí dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910, ó rí ère orí Olókun, ló bá ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ilẹ̀ inú ìtàn àròsọ tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. Baba wa tó rọ ọ́ kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn dé agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1938 tí orí idẹ fi jáde. Ọ̀kan wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù; ẹ fi fóònù wá àwòrán rẹ̀, kí wọ́n wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ọmọ kan á ní, “Ṣebí wọ́n ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ni.” Ẹ má bínú sí i. Ẹ bi í pé ta ló ń ṣàkóso Nàìjíríà lọ́dún 1938, kí ẹ sì sọ fún un pé òfin 1963 tí àwọn British Museum ní kò jẹ́ kí àwọn dá a padà, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tiwọn náà ló ṣe é.