Bí mo ṣe dán an wò: ṣé páúdà inú sunscreen lè já DNA?

Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn páálí sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, lè rí titanium dioxide tàbí zinc oxide níbẹ̀. Páúdà funfun ni wọ́n, àwọn ló ń gba UV, ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí, kó má bàa wọ ara. Ṣùgbọ́n titanium dioxide yìí kan náà, tí UV bá ti bà á, ó máa ń sọ omi àti ọ́síjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ di radical, ìyẹn èròjà kékeré tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, radical ò sì mojú ẹnikẹ́ni, ohun tó bá kàn ló ń bà jẹ́, DNA náà ò yọ sílẹ̀. Láti 1997 ni Dunford àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ l'Oxford ti gbé èyí jáde, inú sunscreen tí wọ́n ń tà lọ́jà gan-an ni wọ́n ti yọ páúdà tí wọ́n lò. Èmi náà fẹ́ fojú ara mi rí i ní láàbù wa, torí àfín ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn, kò sì lè jáde láì para.

Plasmid ni mo lò, DNA bakitéríà tó rí bí òrùka. Tó bá wà lódidi, ṣe ló máa lọ́ pọ̀ mọ́ra, á sì sáré dáadáa lọ sísàlẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ti DNA gba inú ẹ̀ kọjá. Tí radical bá já okùn ẹ̀ kan, á tú, ìrìn ẹ̀ á sì falẹ̀, òkè ni ìlà ẹ̀ á wà.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni omi tí wọ́n fi po DNA. Tris, èròjà tí wọ́n sábà máa ń fi sínú omi yẹn ní láàbù kí ìkan ẹ̀ má bàa yí padà, máa ń gbé radical mì, ẹni tó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ lè má rí nǹkan kan, á wá máa rò pé páúdà yẹn ò ṣe nǹkan. Mo fọ Tris kúrò, mo fi phosphate buffer, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, rọ́pò, ìyẹn sì tún dáa torí DNA máa ń lẹ̀ mọ́ titanium dioxide, phosphate ló ń bá a du àyè. Mo wá fi fóìlì wé tíúbù kan kí iná má kàn án, òmíì ò ní páúdà rárá, òmíì ní anatase tí wọn ò fi nǹkan kan bò, òmíì ní rutile tí wọ́n ti fi silica bò (oríṣi titanium dioxide méjì ni anatase àti rutile), mo tún fi mannitol, irú ṣúgà kan, sí anatase kan kó máa gba radical. Gbogbo ẹ̀ wà lórí yìnyín lábẹ́ iná UV 365 nm, mò ń mì wọ́n torí páúdà yẹn kì í pẹ́ rọ̀ sísàlẹ̀ tíúbù.

Nígbà tí jẹ́ẹ̀lì jáde, ti inú fóìlì àti èyí tí ò ní páúdà ṣì wà nísàlẹ̀ digbí. Ti anatase, ìlà ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, tòkè ló nípọn. Mannitol gba púpọ̀ là. Rutile tí wọ́n bò, díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀ sí èyí tí ò ní páúdà.

Inú tíúbù nìyẹn o, ìhòòhò ni DNA yẹn wà. Lára èèyàn tí awọ ẹ̀ ò bó, ìpele òkè tó ti kú ni páúdà yìí máa ń dúró sí, oòrùn fúnra ẹ̀ sì ń ba DNA awọ jẹ́. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má dá sunscreen ọmọ yẹn dúró láéláé, ìpara ni kí wọ́n rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fín, ilẹ̀ Yúróòpù gan-an ò gba nano titanium dioxide, ìyẹn èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná gan-an, láyè nínú ohun tó lè gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn páálí bóyá silica, alumina tàbí dimethicone wà níbẹ̀, àwọn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi bò ó.