Lẹ́tà ìròyìn àti fíìdì láì náwó: ẹ kọ́kọ́ wá bọ́tìnì Export

Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń bi mí wípé nínú àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn èèyàn, èwo ló dáa jù. Kí n tó dárúkọ ẹyọ kan, màá ní kí onítọ̀hún lọ wá bọ́tìnì kan fún mi lórí ibi tó ń wò yẹn, bọ́tìnì Export, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè kó ímeèlì àwọn òǹkàwé ẹ̀ jáde. Tí kò bá sí, tàbí tó jẹ́ pé ó dìgbà téèyàn bá sanwó kó tó ṣiṣẹ́, ẹ kọjá lọ jàre, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ẹ̀ ni wípé àwọn nǹkan ọ̀fẹ́ yìí máa ń kú lójijì. TinyLetter ńkọ́, tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn gan-an torí pé ó rọrùn bí ìgbà téèyàn ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, Mailchimp, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́, rà á ní 2011, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejì 2024 wọ́n ti pa á. Twitter ra Revue, irinṣẹ́ lẹ́tà ìròyìn míì, ní 2021, kò ju bí ọdún méjì lọ, January 2023 ló gbé e lọ. Google pa Google Reader, áàpù tí wọ́n fi ń ka fíìdì (ìyẹn fáìlì tó ń to àwọn nǹkan tuntun orí wẹ́bsáìtì, màá ṣàlàyé ẹ̀ láìpẹ́), ní oṣù keje 2013, FeedBurner tí wọ́n rà ní 2007 náà, wọ́n gé apá tó ń fi fíìdì ránṣẹ́ sí ímeèlì kúrò lára ẹ̀ ní 2021. Ẹni tó ti kó ímeèlì àwọn èèyàn ẹ̀ sínú fáìlì CSV kan (fáìlì lásán tó ń to nǹkan bíi tábìlì) sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀sán ọjọ́ kan ló máa fi kó ẹrù lọ síbòmíì. Ẹni tí ò kó o, ẹ bá a kẹ́dùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú fíìdì, torí òun ló kéré jù nínú wàhálà, síbẹ̀ òun làwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Fíìdì ò ju fáìlì kan lọ tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí wẹ́bsáìtì yín, orúkọ ẹ̀ lè jẹ́ feed.xml. Inú ẹ̀ la máa ń to àwọn nǹkan tuntun sí, àkọlé, línkì, ọjọ́ tó jáde àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á wà lókè, tàtijọ́ á wà nísàlẹ̀. Kì í lọ bá ẹnikẹ́ni nílé. Áàpù ẹni tó fẹ́ kà á ló máa ń wá yọjú wò ó látìgbàdégbà, bíi Feedly tàbí Inoreader tàbí NetNewsWire, Thunderbird tẹ́ ẹ fi ń ka ímeèlì náà lè ṣe é, tó bá ti bá nǹkan tuntun níbẹ̀ á gbé e lọ fún ẹni tó ni áàpù. Torí náà ẹ ò gba ímeèlì ẹnikẹ́ni, kò sí ọ̀rọ̀ spam níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú lára ẹ̀ ni wípé ẹ ò lè mọ iye èèyàn tó ń kà á ní pàtó. RSS ni ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà kọ fíìdì, Netscape ló gbé àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 1999, RSS 2.0 tá a ṣì ń lò dòní jáde ní 2002, Atom, ọ̀nà míì tó jẹ́ àbúrò ẹ̀, wá di ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2005, RFC 4287 lorúkọ ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín láyà sókè lórí èwo lẹ máa lò, àwọn áàpù yìí ń ka méjèèjì. Pọ́díkáàsì tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn gan-an, RSS ló ń gbé e kiri.

Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ní fíìdì kẹ́ ẹ má mọ̀. Tó bá jẹ́ WordPress, ẹ lọ fi /feed sẹ́yìn àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì yín kẹ́ ẹ wo nǹkan tó máa jáde. Ti Blogger ni /feeds/posts/default, ti Substack ni /feed, ti Ghost ni /rss/. Nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bsáìtì, Hugo máa ń ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ wo index.xml, Jekyll náà á ṣe é tẹ́ ẹ bá fi àfikún tó ń jẹ́ jekyll-feed sí i. Fíìdì gbogbo wọn yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ wẹ́bsáìtì bíi tèmi, ẹ lè fọwọ́ kọ fíìdì náà, kò le, àmọ́ ẹ la ojú yín dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo kọ àkọlé kan, mo fi àmì & sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, mo gbé fáìlì lọ sórí wẹ́bsáìtì, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni fíìdì mi fi ya odi, mo kàn rò pé kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan mi ni, àfìgbà tẹ́nì kan bi mí wípé ṣé mo ti jáwọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wípé nínú XML, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ fáìlì fíìdì, & kì í dá dúró, &amp; lẹ gbọ́dọ̀ kọ, àmì kékeré yẹn nìkan ló dínà fún gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì. Látọjọ́ náà, mi ò kì í gbé fíìdì síta láì kọ́kọ́ gbé e gba validator.w3.org/feed kọjá, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ máa lẹ àdírẹ́sì fíìdì yín síbẹ̀, á sì sọ ìlà tí àṣìṣe wà fún yín.

Ibi méjì míì wà tó máa ń mú èèyàn. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́, báyìí ni RSS ṣe fẹ́ ẹ nínú pubDate: Tue, 04 Mar 2025 08:00:00 +0000, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe wù yín, áàpù míì á gbà, òmíì á da ìtòlẹ́sẹẹsẹ rú. Ìkejì ni guid, òun ni áàpù fi ń mọ̀ wípé òun ti rí nǹkan yìí rí, tẹ́ ẹ bá lọ yí guid àwọn nǹkan àtijọ́ padà, ṣe ni gbogbo ẹ̀ máa tún ya lu àwọn òǹkàwé yín bíi pé tuntun ni, wọ́n á sì rò pé orí yín ti dàrú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìlà kan sínú head ojú ìwé yín tó ní rel="alternate" àti type="application/rss+xml" pẹ̀lú àdírẹ́sì fíìdì, kí ẹni tó bá lẹ àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì yín lásán mọ́ áàpù ẹ̀ lè rí fíìdì náà láì wá a kiri.

Ó ku ímeèlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Gmail lásán ṣe é o, kẹ́ ẹ wá kó ímeèlì gbogbo èèyàn sínú CC, kí gbogbo wọn máa rí ímeèlì ara wọn. Yàtọ̀ síyẹn, Gmail ọ̀fẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ ju 500 èèyàn lọ lójúmọ́.

Tó bá jẹ́ pé kíkọ ni tiyín, tẹ́ ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, Substack ló yá jù. Iye èèyàn yòówù kẹ́ ẹ ní, wọn ò gba nǹkan kan, àfi tẹ́ ẹ bá ní káwọn òǹkàwé máa sanwó, ìgbà yẹn ni wọ́n á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, Stripe tó ń bá wọn gba owó náà á mú tiẹ̀. Export wà níbẹ̀, mo ti lò ó. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni bí wọ́n ṣe máa ń ti àwọn òǹkàwé síwájú wípé kí wọ́n wá sínú áàpù àwọn. Buttondown ni mo fẹ́ràn jù lójú tèmi, ó dákẹ́, Markdown (ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń lo àwọn àmì kéékèèké bíi ìràwọ̀) lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ 100 èèyàn àkọ́kọ́ nìkan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa pọ̀ kíá ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé. Àwọn tó mọ sẹ́fà lò (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo) ní listmonk, kò sí gbèdéke iye èèyàn, ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀, àmọ́ ẹ máa ní sẹ́fà tiyín àti PostgreSQL tó máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, ẹ tún máa wá ibi tó máa bá yín gbé ímeèlì jáde, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni owó ti ń jáde. Bọ́rọ̀ Ghost ṣe rí náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ fúnra yín.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní double opt-in, ìyẹn ni wípé tẹ́nì kan bá forúkọ sílẹ̀, á kọ́kọ́ gba ímeèlì tó ní línkì kan, tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò tíì wọlé. Iye èèyàn yín á dín kù lóòótọ́, àmọ́ ímeèlì tí kò sí àtèyí tí ọ̀tá ẹni kan fi sílẹ̀ fún un ò ní wọlé rárá.

Tẹ́ ẹ bá ní dòméènì tiyín, ẹ lọ sí DNS ẹ̀ (ibi tí wọ́n ń kọ ètò dòméènì sí) kẹ́ ẹ fi SPF, DKIM àti DMARC sí i, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fi ímeèlì náà ránṣẹ́, bí irinṣẹ́ tẹ́ ẹ mú bá ṣe ṣàlàyé ẹ̀, kẹ́ ẹ dà á kọ kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lásán ni. Láti oṣù kejì 2024, Gmail àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fáwọn tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́, Gmail ní 5,000 lójúmọ́ ni òun ń pè ní púpọ̀, wọ́n tún fẹ́ kéèyàn lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ní kílíìkì ẹyọ kan, káwọn tó ń pè yín ní spam má sì tó 0.3%. Ẹ lè sọ wípé ẹ ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe é náà. Tẹ́ ẹ bá sì ń ti inú irinṣẹ́ míì ránṣẹ́ kẹ́ ẹ wá fi @gmail.com ṣe ímeèlì yín níwájú, inú spam ló máa ń jókòó sí.

Kẹ́ ẹ tó fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ẹ fi ṣọwọ́ sí ara yín ná, ẹ ṣí i lórí fóònù, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn máa ti kà á. Ẹ wò ó bóyá Gmail gé e láàárín, torí tó bá ti ju 102KB lọ á gé e, ìyókù á sì di línkì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ línkì unsubscribe nísàlẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ rí i pé ó yọ yín lóòótọ́, kẹ́ ẹ wá padà lọ forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ Export níjọ́ yẹn gan-an, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àtọ̀rẹ́ yín kan ṣoṣo lẹ wà nínú CSV náà.