Bí Mo Ṣe Ṣètò Kí Ẹ̀yìn Ríro Dín Kù Níbi Iṣẹ́ Wa

Ọ̀gá wa ní kí n wá nǹkan ṣe sí ìpalára iṣan àti oríkèé tó ń da àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí wa láàmú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí n pe gbogbo wọn jọ, kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́rù: ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Mo ní ìyẹn nìkan ò lè tó. Ẹni tó ń gbé páálí láti àárọ̀ mọ̀ ọ́n gbé jù mí lọ. Ibi tí wọ́n to ẹrù sí ló ń fìyà jẹ ẹ́.

Ìwé tí a ń kọ ìjàǹbá sí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, torí ẹni tó bá ṣubú là ń kọ síbẹ̀. Ìrora tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ kì í dé inú ìwé. Ni mo bá ya àwòrán èèyàn sórí pépà, iwájú àti ẹ̀yìn, mo pín in kiri pé kí kálukú sàmì síbi tó ń dùn ún, láìkọ orúkọ. Àìkọ orúkọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n sòótọ́. Àwọn tó ń kẹ́rù sàmì sí ìbàdí, àwọn tó ń di páálí sàmì sí ejìká àti ọrùn ọwọ́. Àwọn akọ̀wé, tí gbogbo wa rò pé wọ́n kàn jókòó ni, ọrùn ni tiwọn.

Mo wá lọ dúró wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò ibi iṣẹ́, ní ìṣirò kan fún ìwọ̀n ẹrù tí kò yẹ kí èèyàn gbé kọjá. Kìló 23 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí ẹrù bá sún mọ́ ara, tí kò sí nílẹ̀, tí èèyàn ò yí ìbàdí, tí kò sì máa gbé e léraléra. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti yẹ̀, iye náà á máa wálẹ̀. Páálí tiwa ò tó kìló 23, àmọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn tó wúwo jù wà, ní kọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ nawọ́ kó tó kàn wọ́n.

A kó wọn sórí pẹpẹ tó wà láàárín ìbàdí sí àyà, a kó àwọn tó fúyẹ́ sókè àti sílẹ̀. A ra tábìlì tó ṣeé gbé sókè sódò, torí àwọn tó ga ń tẹ̀ lórí ti àtijọ́, àwọn tó kúrú ń gbé ejìká sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di páálí ló ní kí a yí tábìlì náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n yé lọ́ ara. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. A tún ń pààrọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò nídìí gbígbé kì í lọ sídìí gbígbé mìíràn.

Ọ̀gá fẹ́ ra bẹ́líìtì ìbàdí fún gbogbo èèyàn. Mo sọ fún un pé NIOSH kò rí ẹ̀rí tó tó pé ó ń dáàbò bo ẹ̀yìn ẹni tí ara rẹ̀ le. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù la fowó náà rà.

Mo sì kìlọ̀ fún un pé àwọn tó ń sọ pé ara ń ro wọ́n á kọ́kọ́ pọ̀ sí i, torí wọn ò bẹ̀rù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí mo tún pín àwòrán náà, àmì tó wà ní ìbàdí ti dín kù. Ọrùn àwọn akọ̀wé ni kò tíì yí padà: a ti gbé ojú kọ̀ǹpútà wọn sókè, ṣùgbọ́n àga tí a béèrè fún ò tíì dé.