Àṣìtẹ̀ àti ìbàjẹ́ lára sítáǹpù Íńdíà àtijọ́: bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣa àṣìtẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òǹtẹ̀wé ṣe yàtọ̀ sí ohun tí oòrùn fi ojú sítáǹpù rí. Ẹ wo sítáǹpù ánà mẹ́rin ọdún 1854 (ánà ni owó Íńdíà àtijọ́). Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, férémù pupa lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà orí Ọbabìnrin Victoria aláwọ̀ aró. Lára díẹ̀ nínú wọn, orí náà dorí kodò. Àṣìtẹ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ owó rẹ̀ ò sí lápò tèmi. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọwọ́ wa tó.

Ánà kan Ọba George Karùn-ún pọ̀ rẹpẹtẹ. Pupa ni láti 1911, kó tó di búráùn ní 1922, pupa yẹn ò sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tò wọ́n sórí bébà funfun, létí fèrèsé, lọ́sàn-án. Gílóòbù máa ń purọ́. Ẹ má fi bí àwọ̀ ṣe jọra tò wọ́n o, déètì inú òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Èyí tó bá dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń jẹ́wọ́: pupa kan wà, aniline là ń pè é, tí íǹkì rẹ̀ máa ń là á já, tí ẹ̀yìn á sì pọ́n. Bí etí kan bá ṣá ju èkejì lọ, oòrùn ló bà á jẹ́. Àwọ̀ ọsàn náà máa ń ṣú bí afẹ́fẹ́ bá bà á, nítorí náà n kì í sanwó gọbọi fún ánà méjì Victoria tó “di búráùn.”

Ibi tí mo ti ń gbádùn jù ni àkọlé tí wọ́n tẹ̀ lé sítáǹpù lórí. Ní 1921 wọ́n tẹ NINE PIES (páì mẹ́sàn-án, páì kéré sí ánà) sórí ánà kan yìí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa, torí òmíràn jẹ́ NINE NINE, òmíràn PIES PIES. Ti Chamba, ìpínlẹ̀ ọlọ́ba kan ní Íńdíà nígbà yẹn, náà wà, tí orúkọ rẹ̀ di CHMABA. Ibẹ̀ gan-an ni ayédèrú pọ̀ sí. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ibi tí àkọlé ti kan òǹtẹ̀: bí àkọlé bá gorí òǹtẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lo sítáǹpù lẹnìkan tẹ̀ ẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ gba owó yín.